Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Tọpa Oògùn Nínú Ọpọlọ

Ní nǹkan bí ọdún 1885, ọ̀gá onímọ̀ ìṣègùn kan ní ilẹ̀ Jámánì, Paul Ehrlich, fa aró sínú ẹ̀jẹ̀ ẹranko. Ẹ̀dọ̀ mu aró, kíndìnrín mu ún, ẹran ara mu ún. Ọpọlọ nìkan ni aró kò ràn. Ehrlich rò pé bóyá ọpọlọ ni kò ní ohun tí aró lè dì mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Edwin Goldmann, yí iṣẹ́ náà padà ní 1913: inú omi tí ó yí ọpọlọ ká ni òun fa aró sí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọpọlọ mu aró, ara yòókù kò sì mu ún. Ó wá hàn pé ọpọlọ kò kọ aró. Odi kan ni ó wà láàrin òun àti ẹ̀jẹ̀.

Odi yìí kì í ṣe odi amọ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ́ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ ọpọlọ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn pinpin, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé díẹ̀ nínú ohun tí ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ ni ó lè kọjá. Ọpẹ́ ni ó yẹ odi náà lọ́wọ́ ẹni tí ara rẹ̀ le, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ májèlé wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀tá bá ti wà nínú ìlú, odi kan náà ni ó ń ti oníṣègùn mọ́ ìta. Ọ̀pọ̀ oògùn tí à ń gbé mì, àti èyí tí à ń gún lábẹ́rẹ́, ni kì í dé ibi tí a rán wọn.

Ní 1994, àwọn olùwádìí kan ní National Institutes of Health, ní Bethesda ní Amẹ́ríkà, tí Edward Oldfield wà lára wọn, tẹ ìròyìn ọ̀nà mìíràn jáde. Ọpọlọ ológbò ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n lu agbárí, wọ́n ki ọ̀pá tín-ín-rín bọ inú ọpọlọ, wọ́n sì fi ẹ̀rọ rọra ti oògùn wọlé. Títì yẹn gan-an ni ọgbọ́n ibẹ̀. Bí a bá kán aró sínú omi tí kò ṣàn, yóò ràn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìrìn ìgbín ni: bí ibi tí ó ń lọ bá jìn ní ìlọ́po 2, àkókò tí yóò gbà á di ìlọ́po 4. Nítorí náà, oògùn tí a kàn fi sínú ọpọlọ kì í sábà rìn kọjá mìlímítà mélòó kan. Èyí tí a bá tì ń gba àlàfo tí ń bẹ láàrin àwọn sẹ́ẹ̀lì, àlàfo náà sì tó nǹkan bí ìdá 1 nínú 5 ọpọlọ. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé títì náà le o. Bí ẹ̀rọ bá ń ti ìdá 5 nínú ẹgbẹ̀rún mìlílítà kan wọlé ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, mìlílítà 5, tí kò ju ṣíbí kékeré kan lọ, yóò gbà ju wákàtí 16 lọ.

Ibo wá ni oògùn yìí ń gbà lẹ́yìn tí ó bá ti jáde lẹ́nu ọ̀pá? Ojú lásán kò tó o. Ibí ni kọ̀ǹpútà ti wọlé, ṣùgbọ́n òfin tí ó ń lò ti wà ṣáájú kọ̀ǹpútà. Henry Darcy, ẹnjiníà tí ó fa omi wọ ìlú Dijon ní ilẹ̀ Faransé, ni ó tẹ òfin náà jáde ní 1856, lẹ́yìn tí ó ti wo bí omi ṣe ń la yanrìn kọjá: bí agbára tí ń ti omi bá ti pọ̀ tó, tí àlàfo inú yanrìn sì ti là tó, bẹ́ẹ̀ ni omi yóò ṣe yára tó. Lójú ìṣirò yìí ọpọlọ jọ yanrìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yanrìn kì í wú. Kọ̀ǹpútà a pín àwòrán ọpọlọ aláìsàn, tí ẹ̀rọ MRI yà, sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpótí wẹ́wẹ́. A sì ṣírò iye omi tí ìkọ̀ọ̀kan ń fún aládùúgbò rẹ̀, àti iye oògùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé lọ lójú ọ̀nà.

Àwọn àpótí náà kò rí bákan náà. Níbi tí ọpọlọ ti funfun, àwọn fọ́nrán rẹ̀ tò lọ gbọọrọ bí ebè. Omi òjò a máa gba poro ju kí ó gun ebè lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni oògùn ń bá fọ́nrán rìn. MRI lè fi ìhà tí omi ti ń rìn fàlàlà hàn, láti ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà sì ti ń mọ ibi tí poro dorí kọ. Ó tún gbọ́dọ̀ mọ ibi tí oògùn lè sá gbà: ó lè bá ara ọ̀pá padà sókè, ó sì lè ya sínú ihò olómi tí ń bẹ láàrin ọpọlọ, kí ó ṣòfò síbẹ̀.

Ohun tí ṣíṣì ọ̀nà lè fà hàn nínú ìdánwò kan tí wọ́n pè ní PRECISE, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2010. Aláìsàn 296 ni ó kópa, àwọn tí jẹjẹrẹ ọpọlọ tí ń jẹ́ glioblastoma tún padà sí lára. Wọ́n gé kókó náà kúrò. Wọ́n fi ọ̀pá ti oògùn cintredekin besudotox sínú ọpọlọ àwọn kan, wọ́n sì to oògùn mìíràn tí ó rí pẹlẹbẹ sínú ojú iṣẹ́-abẹ àwọn yòókù. Bí a bá to àwọn aláìsàn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀mí wọn ti gùn tó, ọ̀sẹ̀ 36.4 ni ti ẹni tí ó wà láàrin gbùngbùn nínú àwọn ọlọ́pàá tín-ín-rín, 35.3 sì ni ti àwọn yòókù. Ẹni tí ó bá wo èyí nìkan yóò ní oògùn náà kò já mọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan náà, John Sampson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà tọpa rẹ̀. Nǹkan bí ìdajì àwọn ọ̀pá náà ni a fi síbi tí ìlànà wí. Nínú sẹ̀ǹtímítà 2 tí ó yí ojú iṣẹ́-abẹ ká, nǹkan bí ìdá 1 nínú 5 péré ni oògùn dé. Ṣé oògùn ni kò ṣiṣẹ́ ni, àbí oògùn ni kò débẹ̀? Ìdánwò náà kò lè sọ. Ó dunni, nítorí pé àwọn tí wọ́n gbé orí ara wọn kalẹ̀ fún un kò ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lè fi ṣòfò. Ṣùgbọ́n ìṣirò náà ni ìdá 1 nínú 5 yẹn, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni fojú rí.

Ọ̀nà àtirí i ni wọ́n ń wá tí àwọn mìíràn fi ń po gadolinium mọ́ oògùn, kí MRI lè máa wò ó bí ó ti ń ràn, kí a sì fi ohun tí ojú rí tún ìṣirò ṣe. Ní 2022, Yúróòpù fọwọ́ sí oògùn eladocagene exuparvovec fún àwọn tí ara wọn kò lè pèsè èròjà AADC. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2024. Ojú ibi 4 ni wọ́n ń tì í sí nínú apá ọpọlọ tí ń jẹ́ putamen, mìlílítà 0.08 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀, ilẹ̀ tẹ́jú fún ìṣirò. Ti jẹjẹrẹ le ju bẹ́ẹ̀ lọ: kókó rẹ̀ a máa wú, a máa ti ohun tí ó yí i ká sẹ́gbẹ̀ẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ a sì máa jò. Poro tí àwòrán fi hàn lónìí lè ti yà gba ibòmíràn kí ọjọ́ iṣẹ́-abẹ tó pé.