Ilẹ̀ Kan, Olùrà Méjì

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ìròyìn jáde pé ẹni tó bá mọ ọ̀nà lè fi àwòrán GIF kan ṣoṣo gba WhatsApp mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́ lórí fóònù Android. Kí onífóònù ṣáà ti ṣí àkójọ àwòrán rẹ̀ láti inú WhatsApp, bóyá ó fẹ́ fi fọ́tò ìkómọ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nǹkan ti bàjẹ́. Àṣìṣe náà wà nínú ètò kékeré kan tó ń tú àwòrán GIF, èdè C ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Ó dá mẹ́mọ́rì kan náà padà lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn èdè bíi Java àti Python máa ń bá ẹni tó ń kọ ètò palẹ̀ mẹ́mọ́rì mọ́. C, tí Dennis Ritchie ṣẹ̀dá ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1972, kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe é. Ètò tó bá nílò ààyè á fi malloc béèrè iye báìtì tó fẹ́. Bí ààyè bá wà, malloc á fún un ní àdírẹ́ẹ̀sì. Bí kò bá sí, NULL ni yóò rí gbà. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, free ló ń dá ààyè padà. Ètò tó gbàgbé free á kàn máa jẹ mẹ́mọ́rì títí fóònù á fi máa wọ́lẹ̀. Ìyẹn ṣì sàn.

Èyí tó burú ni free ẹlẹ́ẹ̀mejì. Malloc ní àkọsílẹ̀ àwọn ààyè tó ṣófo, àdírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n bá dá padà lẹ́ẹ̀mejì sì lè wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó kọ́kọ́ béèrè á gbà á, ẹni tó tẹ̀ lé e náà á gbà á, bí ọmọ onílẹ̀ tó ta púlọ́ọ̀tì kan fún ènìyàn méjì. Nínú WhatsApp, olùrà kan ni àkọsílẹ̀ tí ètò fi ń mọ iṣẹ́ tó kàn. Olùrà kejì ni àwòrán ọ̀daràn. Ohun tí ọ̀daràn kọ sínú àwòrán ni ètò wá gbà bí àṣẹ.

Síbẹ̀, kò sí ẹni tó kọ free lẹ́ẹ̀mejì. Realloc, tó ń yí ìwọ̀n ààyè padà, ni wọ́n lò. Ọ̀daràn to àwòrán náà débi pé ìwọ̀n apá kan jẹ́ òdo. Lórí Android, realloc tí wọ́n fún ní òdo á dá ààyè náà padà, á sì mú NULL wá. Ètò rí NULL, ó rò pé mẹ́mọ́rì ló tán. Bí realloc bá sì kùnà lóòótọ́, ààyè àtijọ́ kì í kúrò níbẹ̀, nítorí náà ètò ń di àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ mú. Òdo kejì dé, realloc tún dá a padà.

WhatsApp tún àṣìṣe náà ṣe nínú ẹ̀yà 2.19.244. C23, ẹ̀yà kan nínú òfin èdè C, náà ti sọ pé ètò tó bá fún realloc ní òdo kò lè gbára lé àbájáde kankan.

Ọ̀pọ̀ olùkọ ètò máa ń sọ àdírẹ́ẹ̀sì di NULL lẹ́yìn free, nítorí free kì í ṣe NULL ní nǹkan kan. Ó dára, ṣùgbọ́n bí ẹ̀dà àdírẹ́ẹ̀sì náà bá wà níbòmíràn, ìyẹn kò ṣèrànwọ́. Ohun tó ń mú irú àṣìṣe yìí ni -fsanitize=address, tí gcc àti clang, àwọn ètò tó ń sọ C di èdè ẹ̀rọ, ní: nígbà ìdánwò, ó ń dá ètò dúró níbi free kejì gan-an, á sì fi ìlà tí free àkọ́kọ́ ti ṣẹlẹ̀ hàn.