Ìṣáwùrú Odò Kọ́ Ló Yẹ Àpótí Ẹja



Àwọn ọmọ ilé-kéú wa kó ìṣáwùrú bọ̀ láti odò. Wọ́n ní kí a kó o sínú àpótí gíláàsì tí a ti ń sin ẹja goldfish, kí ó máa jẹ ìdọ̀tí ibẹ̀. A gbà á lọ́wọ́ wọn.

Lára ìṣáwùrú odò ni Bulinus wà, èyí tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá. Kòkòrò náà ń jáde sínú omi, ó sì ń gba awọ ara wọlé. Ọmọ tó bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ tètè gbé e lọ sí ọsibítù. Oògùn praziquantel wà fún un.

Ìṣáwùrú tí àwọn olùtà ẹja fúnra wọn sìn ni kí ẹ rà. Síbẹ̀, òun náà ń yàgbẹ́, nítorí náà ẹ máa pààrọ̀ ìdámẹ́rin omi náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Bí ẹja bá ṣàìsàn, ẹ ka ara ìgò oògùn rẹ̀ dáadáa. Oògùn tí bàbà, ìyẹn copper, bá wà nínú rẹ̀ ń pa ìṣáwùrú. Òkú ìṣáwùrú á ba omi jẹ́, ẹja náà lè kú.

Ẹ má fi búútà àlùwàlá bu omi ẹja, ẹ má sì dà á síbi tí ẹ ti ń fọ abọ́. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ tó bá kàn án, nítorí kòkòrò Salmonella tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru lè wà níbẹ̀.

Àmánà ni ohun ọ̀sìn, àmánà ni ọmọ. Kí Allāhu bá wa ṣọ́ wọn. Àmín.