Ilojo Bar Wó, Ilé Jaekel Dúró: Kí Ló Fà Á?

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ ló jogún ilé bàbá wọn ní Bàríga. Ẹnì kan tó ń kọ́ ilé tà ti wá ná ilẹ̀ náà, àwọn àbúrò sì ti fẹ́ gbà. Ó ní òun wá rí fídíò kan lórí fóònù, níbi tí àwọn àgbàlagbà kan ní Amẹ́ríkà ti ń tún ilé àtijọ́ onítì-igi ṣe láìgba kọ́bọ̀, tí wọ́n sì ń sọ ìtàn àdúgbò wọn fún àwọn ọmọdé níbẹ̀. "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kò sí irú wọn lọ́dọ̀ tiwa ni?"

Wọ́n wà. Ṣùgbọ́n wàhálà tiwọn ju ti àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn lọ, ohun tí wọ́n fi kọ́ ilé ló sì kọ́kọ́ fà á.

Ilé onítì-igi, ìtì igi ni wọ́n tò lé ara wọn, tí wọ́n gé orí wọn kí wọ́n lè há mọ́ra ní igun ilé. Bí ilẹ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n lè kọ nọ́ńbà sára ìtì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tú ilé náà palẹ̀, kí wọ́n fi ọkọ̀ kó o lọ síbòmíràn, kí wọ́n sì tún un tò. Wọ́n ti ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà. Ilé Àgùdà ò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ènìyàn wa tó padà bọ̀ láti Brazil àti Cuba ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, mú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà bọ̀ wálé. João Baptista da Costa wà lára àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀, òun ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Ògiri irú ilé bẹ́ẹ̀ nípọn. Amọ̀ tàbí bíríkì ni, wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n sì fi ọwọ́ mọ òdòdó yí fèrèsé ká. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ gbé e kúrò, erùpẹ̀ ló máa bá lọ́wọ́. Ilé àti ilẹ̀ ti di ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ gba ilé là gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ilẹ̀ Èkó kẹ̀!

Ẹ wo Ilojo Bar ní Ìta Tinúbú. Ìdílé Fernandez kọ́ ọ ní nǹkan bí 1855. Alfred Omolona Olaiya rà á ní 1933. Ní 1956 ìjọba kéde pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Ní ọjọ́ Àìkú, 11 September 2016, wọ́n wó o palẹ̀, ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn ìkéde.

Báwo ni ilé tí òfin dáàbò bò ṣe ń wó? Ìkéde yẹn kì í gba ilé lọ́wọ́ ẹbí tó ni ín. Ohun tó ń sọ fún wọn ni pé ẹ ò gbọdọ̀ wó o, ẹ ò sì gbọdọ̀ yí i padà láìgbàṣẹ. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ta ló máa san owó páànù? Ta ló máa san owó káfíńtà nígbà tí ikán bá jẹ àjà? Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn ajogún ń pọ̀ sí i, owó iléègbé tó ń bọ̀ níbẹ̀ ò sì tó pín. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ní tirẹ̀ ń gbówó lórí lójoojúmọ́. Àdánù ńlá ni wíwó Ilojo Bar, ojú ń tì mí títí dòní pé ó ṣẹlẹ̀ lójú wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bú onílé nìkan ò tí ì lóye ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ wá fi wé Ilé Jaekel nínú ọgbà Rélùwéè l'Ẹ́bùtẹ́-Mẹ́ta, tí kò jìnnà sí Ṣómólú rárá. Ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ọ, ọdún mẹ́ta kí ọkọ̀ ojú irin Èkó tó dé Ìbàdàn. Wọ́n fi sọrí Francis Jaekel, ọ̀gá Rélùwéè tó tún kọ ìwé ìtàn Rélùwéè Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ Legacy ló tún un ṣe. Ọdún 1995 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, John Godwin tó jẹ́ ayàwòrán-ilé sì wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ilé náà ti di mùsíọ́ọ̀mù kékeré báyìí, pẹ̀lú àwọn fọ́tò àtijọ́. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yìí fẹ́ràn Jaekel ju Ilojo lọ o. Ẹyọ onílé kan ni wọ́n bá sọ̀rọ̀, iléeṣẹ́ Rélùwéè, kò sí ajogún ogójì. Wọ́n tún wá iṣẹ́ fún ilé náà. Ilé tí ènìyàn ń wọ̀ tó ń jáde nínú rẹ̀, wọ́n á tètè rí i bí òrùlé bá ń jò.

Òrùlé gan-an ni gbogbo rẹ̀. Bí omi bá ráyè wọ orí ògiri amọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Àwọn ènìyàn wa á wá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ kó lè le. Àṣìṣe ńlá! Sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí amọ̀ mí. Omi á há sínú, ògiri á máa jẹrà lábẹ́ ẹ̀wù tuntun. Ohun tó bá a mu ni ẹfun tàbí amọ̀ bíi tirẹ̀.

Ó wá ku Ṣómólú àti Bàríga. Ilé bíi ti Ìta Tinúbú kọ́ ló pọ̀ níbẹ̀. Ilé búlọ́ọ̀kù ni, "face-me-I-face-you" àti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. CMS Grammar School tó wà ní Bàríga, 1859 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n Erékùṣù Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀. 1959 ló kó wá sí Bàríga. Ìwé àti orúkọ ló gbé ìtàn rẹ̀ wá, kì í ṣe ògiri. Ní Àgó Ẹ̀gùn létí ọ̀sà, ilé pákó orí omi ló wà níbẹ̀. Omi ń jẹ òpó, wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, nítorí náà ilé kankan níbẹ̀ ò lè gbó púpọ̀. Ọwọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń ri òpó mọ́lẹ̀ ni nǹkan àtijọ́ tó wà níbẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn onítẹ̀wé Ṣómólú. Ẹni tó bá ti tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó l'Ékòó rí mọ̀ wọ́n. Ìwé ètò ìsìnkú tí wọ́n ń tẹ̀, tí a ń jù sí kọ̀rọ̀ lẹ́yìn jọ́lọ́ọ̀fù, orúkọ, ìlú, iṣẹ́ àti ìran ẹbí ló kún inú rẹ̀. Bí ọ̀dọ́ márùn-ún bá ń gba ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan pa mọ́ lọ́wọ́ àwọn onítẹ̀wé, láàárín ọdún mẹ́wàá ibi ìkówèésí tí Ṣómólú ò ní tẹ́lẹ̀ á ti wà. Kò ná wọn ju àpótí àti sùúrù lọ.

Ní ti ilé bàbá ọ̀rẹ́ wa, mi ò ní sọ pé kí wọ́n má tà á. Àwọn àbúrò rẹ̀ ní ọmọ tí wọ́n ń rán níléèwé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé, kí wọ́n wọn yàrá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ya gbogbo ẹ̀gbẹ́ ilé ní fọ́tò títí dé kànga. Kí wọ́n ṣe ẹ̀dà rìsíìtì tí bàbá wọn fi ra ilẹ̀. Kí wọ́n gba ohùn àwọn ayálégbé àtijọ́ sílẹ̀ lórí fóònù, kí wọ́n sì bi wọ́n léèrè orúkọ bíríkìlà tó kọ́ ọ àti ẹni tó kọ́kọ́ gba iná mànàmáná ládùúgbò. Fọ́tò àtijọ́ tí wọ́n bá rí, kí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n má fi báírò kọ ọ́, torí yíǹkì rẹ̀ máa ń là dé ojú fọ́tò.