Omi Inú Tí Ń Jẹ Okùn Oníṣẹ́-abẹ

Lẹ́yìn àpò oúnjẹ inú wa ni Ẹlẹ́dàá fi ẹ̀yà ara kan pamọ́ sí, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní páńkríásì. Òun ni ó ń tú omi kan sínú ìfun láti yọ́ ẹran àti ọ̀rá tí a jẹ. Níwọ̀n ìgbà tí omi yìí bá ń gba ojú ọ̀nà rẹ̀, ìránṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jò sínú ikùn, ara ẹni tí ó ni ín ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

Ṣáájú ọdún 1935, Dókítà Allen Whipple ní ìlú New York gé orí páńkríásì aláìsàn kan nítorí àrùn jẹjẹrẹ, ó sì fi okùn tí a fi ìfun ẹran ṣe rán an. Omi náà kò mọ okùn yàtọ̀ sí ẹran: ó yọ́ ọ, ojú rírán tú, aláìsàn náà sì kú. Whipple kò sọ ìrètí nù. Okùn sílíkì ni ó lò fún ẹni tí ó tẹ̀ lé e, onítọ̀hún sì yè é.

Lónìí, wọ́n a máa so páńkríásì tí ó kù mọ́ ìfun. Bí ihò tí omi ń gbà kò bá tó mílímítà 3, tí ẹran rẹ̀ sì rọ̀, ewu jíjò a pọ̀ sí i. Ta ni yóò ti abẹ́rẹ́ bọ ẹ̀kọ tútù tí okùn kò ní fà á ya? Nítorí náà, okùn tín-ín-rín ni wọ́n fi ń so ẹnu ihò náà mọ́ awọ inú ìfun. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà Leslie Blumgart, wọ́n a sì gba okùn mìíràn la páńkríásì já, wọ́n a fi ìfun bò ó bí aṣọ. Àwọn mìíràn a máa ti ojú ibi tí wọ́n gé bọ inú ìfun tàbí àpò oúnjẹ. Síbẹ̀, kò sí ọ̀nà kan tí ó ti dí gbogbo jíjò pátápátá.

Nítorí èyí, ìṣọ́ra lẹ́yìn iṣẹ́-abẹ ṣe pàtàkì bí rírán fúnra rẹ̀. Rọ́bà tí a fi sílẹ̀ nínú ikùn ń fa omi jáde, kí a lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń jò. Ní orílẹ̀-èdè Họ́lándì, ilé ìwòsàn 17 fi ìlànà kan náà ṣọ́ àwọn aláìsàn wọn lójoojúmọ́. Ìròyìn ọdún 2022 fi hàn pé ikú láàrin 90 ọjọ́ dín láti 5 nínú 100 sí 3.

Àwọn baba wa ní, ẹni tí ó bá fara balẹ̀ tú èèrà yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé aláìsàn, ẹ má ṣe kánjú gbà á kúrò lọ́wọ́ dókítà nítorí pé ojú egbò ti gbẹ. Bí ibà tàbí inú rírun bá dé lẹ́yìn tí ó padà sílé, ẹ gbé e lọ kíákíá. Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n àti sùúrù.