Ọjọ́ Orí Apá Ọkọ̀ Òfurufú

Ẹni tó ń gbé Gonzagueville ní Abidjan kò nílò olùkọ́ kó tó mọ ohun tí atẹ́gùn òkun ń fi ojú irin rí. Páànù kì í pẹ́ kó tó dípẹtà níbẹ̀. Ìpẹtà ṣì sàn, ojú ń rí i. Èyí tó ń kó mi lọ́kàn sókè ni sípíríìnì abẹ́ gbàkà, bọ́ọ̀sì kékeré tó ń ná ọ̀nà Bassam. Awakọ̀ lè ní ìwé visite, ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀, lọ́wọ́, kí ọ̀dà ara ọkọ̀ sì máa dán, síbẹ̀ kí sípíríìnì kán lọ́jọ́ tí èrò ò tilẹ̀ pọ̀, torí kòtò àná, kòtò ìjẹta àti ti ọdún tó kọjá ti ń là á díẹ̀díẹ̀. Ta ló ń ka iye ìgbà tó ti tẹ̀?

Àwọn kan wà tó ń kà á o, lára ọkọ̀ tí púpọ̀ nínú wa ò tíì fojú kàn rí. Ọkọ̀ òfurufú tí kò ní ẹ́ńjìnnì ni. Glider lorúkọ rẹ̀, àwọn tó ń sọ Faransé a sì máa pè é ní planeur. Ọkọ̀ òfurufú mìíràn ló ń fi okùn fà á gòkè, tàbí ẹ̀rọ tó ń ká okùn lórí ilẹ̀. Tó bá dókè, awakọ̀ á tú okùn sílẹ̀, á wá ibi tí atẹ́gùn gbígbóná ti ń ru sókè. Tó bá rí àṣá tó ń yípo láìju apá, ibẹ̀ ló ń lọ. Apá ọkọ̀ yìí gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Gbogbo ìgbà tí atẹ́gùn bá gbé e ló ń tẹ̀, tó sì ń nà padà.

Ní Yúróòpù, ọ̀pọ̀ glider tó ń fò lónìí ni wọ́n ti ṣe láti ohun tó lé ní 40 ọdún. Ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ yẹ ní fífò kì í ní ọjọ́ ìparí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé àyẹ̀wò tó ń tì í lẹ́yìn kì í ju ọdún kan lọ. Wákàtí òfurufú ni wọ́n sì fi ń díwọ̀n ẹ̀mí ọkọ̀. Nígbà tí àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í fi fáíbà ṣe glider, kò sẹ́ni tó mọ bí yóò ti pẹ́ tó. Wọ́n de apá rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ, tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní 3,000 wákàtí. Tó bá pé, wọ́n á tú ọkọ̀ náà palẹ̀, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti là á sílẹ̀, kí wọ́n tó sún un dé 6,000, lẹ́yìn náà 9,000, títí dé 12,000.

Mo fẹ́ràn ètò yìí gan-an. Òṣìṣẹ́ á ti jígí kékeré àti tọ́ọ̀ṣì bọ inú apá, á máa fi owó ẹyọ kan fáíbà lẹ́sẹẹsẹ, á sì máa tẹ́tí: ibi tí ohùn bá ti yí padà, tí kò dún gbọin mọ́, fáíbà ti ṣí kúrò lára èkejì níbẹ̀. Tó bá jẹ́ onípákó ni, gọ́ọ̀mù tó so ó pọ̀ ló ń wò. Ọ̀dà funfun ara àwọn onífáíbà náà kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Púpọ̀ nínú wọn ni kò gbọ́dọ̀ gbóná ju 54°C lọ kí fáíbà má baà rọ̀, oòrùn Abidjan yóò sì mú ọ̀dà dúdú kọjá ibẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n tán.

Síbẹ̀, kíka wákàtí nìkan ò tó. Blanik L-13, glider onírin, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fò ní Czechoslovakia ní 1956, tí wọ́n sì ṣe ju 2,600 lọ, ní 3,750 wákàtí tiẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Òkúdu 2010, apá ọ̀kan nínú wọn já lófurufú ní Austria. Àwọn méjì tó wà nínú rẹ̀ kú. Ọ̀pá tó ru apá náà ló ti là, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ náà ò tíì lo wákàtí rẹ̀ tán. Láìpẹ́, EASA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Yúróòpù, dá gbogbo L-13 dúró. Ìbéèrè wá yí padà: kí ni wọ́n fi wákàtí wọ̀nyẹn ṣe? Ṣé èèyàn méjì ni ọkọ̀ náà máa ń gbé? Ṣé wọ́n fi ń dárà lókè? Wákàtí àrà kan lè jẹ apá ju ọ̀pọ̀ wákàtí ìrìn jẹ́jẹ́ lọ.

Àmọ́ bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ọjọ́ orí ọkọ̀ ni àwa kọ́kọ́ máa ń béèrè. Ní ọjọ́ 30 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2000, Airbus A310 ti Kenya Airways gbéra ní Port-Bouët, ní Abidjan, lálẹ́, ó forí lé Èkó, ó sì já sínú òkun. Èèyàn 169 kú, 10 péré ló yè. Ẹ̀dùn náà ò tíì tán nílé ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá. Ọkọ̀ ọdún 1986 ni, kì í ṣe ògbólógbòó: ìkìlọ̀ èké ló dún nínú rẹ̀ bó ṣe ń gbéra, awakọ̀ sì tẹ imú rẹ̀ wálẹ̀ sínú òkùnkùn. Ọdún tí wọ́n ṣe é kò lè sọ ìyẹn fún wa, kò sì lè sọ ohun tó wà nínú apá Blanik. Àwọn Blanik tó padà sófurufú ni èyí tí wọ́n ṣí apá wọn, tí wọ́n fi irin kún ọ̀pá tó rù ú. Ọ̀pọ̀ nínú ìyókù ṣì wà nínú gáréèjì, tòun ti wákàtí tó kù fún wọn lórí ìwé.