Kí Ẹ Tó Da Yanrìn Sílẹ̀: Báwo Ni Sọ̀fíyọ̀ Yín Ṣe Mọ Ibi Tí Omi Máa Gbà?

Ẹ̀yin tí ẹ kò ráyè gbọ́ ètò náà, ẹ kà á níbí.

Ọ̀rọ̀ tòní kan ẹnikẹ́ni tó fẹ́ kọ́lé ní Ọ̀jọ́, Ìbà tàbí Okokomaiko. Ilẹ̀ agbègbè yìí tẹ́jú pẹrẹsẹ, ọ̀sà tó lọ sí Àgbádárìgì sì wà ní gúúsù wa. Níbi tó tẹ́jú báyìí, ẹsẹ̀ bàtà kan péré ló lè pinnu bóyá omi máa wọ pálọ̀ yín.

Sọ̀fíyọ̀ kò lè wọn gbogbo ojú ilẹ̀. Ó máa wọn gíga ibi kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà á wá fojú bu ti àárín wọn. Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀.

Àkọ́kọ́ ni TIN. Ó máa so àwọn ibi tí wọ́n wọ̀n pọ̀ ní onígun mẹ́ta mẹ́ta, nípa òfin tí Boris Delaunay, ará Rọ́ṣíà, gbé jáde ní 1934. Sọ̀fíyọ̀ lè fa ìlà sí etí gọ́tà àti etí títì, kò sì sí onígun mẹ́ta tó máa dá ìlà náà kọjá.

Èkejì ni IDW: ibi tó bá sún mọ́ra jù lọ ló ń lẹ́nu jù. Ó yá, ṣùgbọ́n ó máa ń fi òbìrìkìtì tí kò sí nílẹ̀ yí ibi tí wọ́n wọ̀n ká.

Ẹ̀kẹta ni kriging, tí wọ́n fi orúkọ Danie Krige pè, ará South Africa tó ṣiṣẹ́ lórí wúrà abẹ́ ilẹ̀. Ó máa kọ́kọ́ wo bí gíga ṣe ń yàtọ̀ bí ibi méjì ṣe ń jìnnà síra, á sì sọ ibi tí kò dá a lójú. Àmọ́ ó ń fẹ́ ibi wíwọ̀n tó pọ̀.

Tèmi ni pé ibi tí gọ́tà àti títì bá wà, ẹ mú TIN. Pápá gbalasa tí wọ́n wọn ibi púpọ̀ nínú rẹ̀, kriging lè dáa.

Ṣé gíga tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò tó ni? Rárá o. SRTM, tí wọ́n fi ọkọ̀ gbalasa òfuurufú wọ̀n ní oṣù kejì ọdún 2000, ń fún gbogbo mítà 30 ní ìbú àti òró ní gíga kan ṣoṣo. Púlọ́ọ̀tì Èkó tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 kò tiẹ̀ tó ojú kan níbẹ̀. Ó tún ń ka òrùlé àti igi mọ́ ilẹ̀.

Nítorí náà, ẹ bi sọ̀fíyọ̀ yín: Ibi mélòó lẹ wọ̀n? Ṣé ẹ wọn ìsàlẹ̀ gọ́tà? Ṣé ẹ yọ ibi díẹ̀ sẹ́yìn, tí ẹ fi yẹ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wò? Ẹ gbọ́ ìdáhùn yẹn kí típà yanrìn àkọ́kọ́ tó dé. Yanrìn tí ẹ bá dà síbi tí kò yẹ, ilé aládùúgbò yín ló máa darí omi sí.

Ó dìgbà kan ná.