Omi Tí Ìta Ilé Ń Mu

Bí oṣù kọkànlá bá ti ń parí lọ, tí ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti ìhà àríwá, gbogbo àwa tí a ń gbé ní Owódé, níbi tí ọ̀nà Ìlaró ti pàdé ọ̀nà Ìdíìrókò, ni a mọ ohun tí ń bọ̀. Eruku yóò bo ewé, ètè àwọn ọmọdé yóò máa là, okùn tí a fi ń fa omi nínú kànga yóò sì máa gùn sí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kí oṣù kejì tó dé ìdajì, kànga mìíràn yóò ti di ẹrẹ̀. Nígbà náà ni korobá àti kẹ́ẹ̀gì yóò máa tò lẹ́nu ẹ̀rọ omi kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀yin òǹkàwé wa sì mọ̀ dájú pé kì í ṣe àwọn baálé ilé ni ó sábà máa ń dúró nínú ìlà yẹn.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti omi tí a ń mu, kì í sì í ṣe ti èyí tí a fi ń fọ aṣọ. Omi tí ìta ilé wa ń mu ni. Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé ń sọ̀rọ̀ koríko àti òdòdó, ṣùgbọ́n ìtọ́jú ilé kì í parí sí ẹnu ọ̀nà.

Ẹjọ́ ara mi ni n ó kọ́kọ́ rò. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi kó wọ inú ilé tí a kọ́, mo fẹ́ kí iwájú rẹ̀ rí bí àwọn èyí tí mo ti máa ń rí nínú àwòrán. A gbin koríko tí ń tẹ́ bí ẹní síbẹ̀, mítà mẹ́wàá ní gígùn, mítà márùn-ún ní ìbú. Ní àsìkò òjò, ó tutù yọ̀yọ̀, ojú mi sì ń dùn sí i. Ìyá àgbà kan tí ilé wọn kángun sí tiwa dúró wò ó títí, wọ́n ní, “Ìyàwó, ṣé koríko yìí ni ẹ ó sè jẹ ni?” Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Rárá o, Ìyá, ẹwà ni a fi ṣe.” Ìyá kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé ni mo tó mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń gbé lọ́dọ̀ wa, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, òun ni ó sì ń bomi rin koríko náà láàárọ̀ kí ó tó lọ sí ilé ìwé. Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kejì, mo bá a lẹ́yìn ilé pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé lọ́rùn, omi ti rin ín gbingbin dé orúnkún, aago méje ààbọ̀ sì ti kọjá. Mo bi í pé kí ni kò jẹ́ kí ó tíì lọ. Ó ní, “Àǹtí, ó ku ti koríko.” Mo gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo mú ìwé àti gègé, mo ṣe ìṣirò tí ó yẹ kí n ti ṣe kí a tó gbin ẹyọ koríko kan.

Ẹ jẹ́ kí á jọ ṣe é. Bí omi tí ó jìn tó mílímítà kan bá dúró lórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ mítà kan níbùú lóòró, lítà kan géérégé ni. Ìwọ̀n tí àwọn olùtọ́jú koríko sábà máa ń lò fún koríko tí a fẹ́ kí ó máa tutù nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ni mílímítà 25 lọ́sẹ̀. Ilẹ̀ tiwa jẹ́ mítà 50 níbùú lóòró. Lítà 1,250 ni èyí jẹ́ lọ́sẹ̀ kan, tí ó ju kẹ́ẹ̀gì onílítà 20 méjìlélọ́gọ́ta lọ. Bí a bá pín in sí ọjọ́ méje, kẹ́ẹ̀gì mẹ́sàn-án ni lójoojúmọ́, kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan sì wúwo tó kílò 20. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mo ń di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé lórí nítorí kí àwọn tí ń kọjá lọ́nà lè yìn mí. Ọmọ náà kò sì lè rù ú tán, ìdí nìyí tí koríko náà fi ń pọ́n síbẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wádìí bí àwọn tí omi wọn kéré jù tiwa lọ ti ń ṣe ìta ilé wọn. Ẹ lè bi mí pé kí ni ti aṣálẹ̀ ti kàn wá, níwọ̀n ìgbà tí òjò tí ń rọ̀ ní agbègbè wa lọ́dún lé ní mílímítà 1,000. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òjò yẹn kì í pín ara rẹ̀ sí oṣù méjìlá. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, díẹ̀ ni à ń rí, bí a bá tilẹ̀ rí rárá. Bí a bá sì gòkè lọ sí ìhà Ayétòrò, níbi tí igbó ti ń di ọ̀dàn, ilẹ̀ tún gbẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù wọ̀nyẹn, a kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ará aṣálẹ̀.

Ìlú kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Las Vegas. Ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Sípéènì ni pápá koríko tútù, nítorí ìsun omi tí ó wà níbẹ̀ láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n àárín aṣálẹ̀ ni ìlú náà wà, òjò tí ó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kò sì ju nǹkan bí mílímítà 100 lọ. Odò Colorado ni ó ń fún wọn ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú omi wọn, láti inú adágún omi ńlá Mead. Ní oṣù keje ọdún 2022, omi adágún náà fà dé ibi tí kò fà dé rí láti ìgbà tí wọ́n ti rọ ọ́ kún ní àwọn ọdún 1930. Ó ti lé ní ogún ọdún tí àwọn aláṣẹ omi ibẹ̀ ti ń san owó fún onílé tí ó bá hú koríko rẹ̀, tí ó sì fi igi àti òdòdó tí kì í mu omi púpọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 2021, wọ́n ṣe òfin pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2027, a kò gbọdọ̀ fi omi odò Colorado bomi rin koríko tí kò wúlò fún ohunkóhun ju wíwò lọ ní ẹ̀gbẹ́ títì àti níwájú ilé iṣẹ́. Òfin náà kò kan ilé tí ìdílé kan ń gbé, kò sì kan ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Mo fẹ́ràn ìyàtọ̀ tí wọ́n fi sí i yìí. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbin koríko. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni iṣẹ́ tí koríko náà ń ṣe. Ìbéèrè tí Ìyá bi mí gan-an nìyẹn.

Ìlú Denver, tí òun náà wà ní Amẹ́ríkà, ni ó fún irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ní orúkọ ní ọdún 1981. Láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí “gbígbẹ” ni wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n sì kọ àwọn ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ fún aráyé. Ọ̀kan nínú wọn ni pé kí á kó àwọn ohun ọ̀gbìn tí òùngbẹ ń gbẹ púpọ̀ pọ̀ sí ibi tí omi wà, kí á sì jẹ́ kí èyí tí kò bìkítà wà lókèèrè. Nígbà tí mo ka èyí, ẹ̀yìn balùwẹ̀ ìyá ìyá mi ni ó sọ sí mi lọ́kàn. Níbo ni àwọn ìyá wa ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò sí? Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ni, níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà. Kí ni wọ́n fi ń ṣe ọgbà yí ilé ká? Pèrègún àti akòko ni, tí a kàn ń gé igi wọn gún mọ́lẹ̀ nígbà òjò, tí wọ́n sì ń hù. Ọyẹ́ a fẹ́ títí, pèrègún a sì wà ní tútù. Ewúro wà nítòsí ilé ìdáná, omi tí a fi ṣan ìrẹsì àti èyí tí a fi fọ ẹ̀fọ́ sì ni tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ń pọn omi lọ́tọ̀ fún wọn.

Omi tí a ti lò yìí ni kí á kọ́kọ́ padà sí. Ẹ má ṣe dà á sí títì. Èyí tí ó ní ọṣẹ díẹ̀ dára fún ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti igi eléso, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe kan ewé ẹ̀fọ́ tí a ó jẹ. Omi oníyọ̀ àti èyí tí a da oògùn tí ń sọ aṣọ di funfun sí kò yẹ kí ó dé ìdí ohun ọ̀gbìn kankan.

Ní ti òjò, ọ̀pọ̀ wa ni a ń gbé dúróòmù sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ó sì dára, bí a bá fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu rẹ̀ kí ẹ̀fọn má bàa yé sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: bí òjò mílímítà 20 bá rọ̀ lórí òrùlé tí ó jẹ́ mítà 100 níbùú lóòró, lítà 2,000 ni. Bí ìdá márùn-ún rẹ̀ kan tilẹ̀ ṣòfò, èyí tí ó kù yóò kún dúróòmù onílítà 200 mẹ́jọ. Ta ni nínú wa ni ó ní dúróòmù mẹ́jọ? Inú ilẹ̀ ni ìkòkò tí ó tóbi jù tí a ní. Bí a bá la ojú ọ̀nà kékeré láti abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ lọ sí ìdí igi, tí a sì gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ bí àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, omi náà yóò rì, gbòǹgbò yóò sì tẹ̀lé e lọ sísàlẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí á gbin igi ní kété tí òjò bá fìdí múlẹ̀, láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà, kí gbòǹgbò rẹ̀ tó pàdé ẹ̀ẹ̀rùn. Igi tí a gbìn ní oṣù kẹwàá yóò máa gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ wa títí di ọdún kejì.

Àgbẹ̀ kan wà ní àríwá ilẹ̀ Burkina Faso, Yacouba Sawadogo, tí ó kú ní ọdún 2023. Ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí ọ̀dá lé àwọn ará àdúgbò rẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ tí ó ti le bí àpáta, ó mú ọgbọ́n àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní zaï, ó tún un ṣe. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń gbẹ́ kòtò kéékèèké, ó ń da ìgbẹ́ ẹran àti ewé jíjẹrà sínú wọn, kí òjò tó dé. Ikán wá, wọ́n lu ilẹ̀ náà jáde, omi rí ọ̀nà wọlé, ọkà bàbà hù, nígbà tí ó sì pẹ́, igbó hù níbi tí kò ti sí igi. Bí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá lè gba omi dúró, tiwa kò ní àwáwí.

Ọ̀kan tún wà tí mo fẹ́ràn jù lọ, nítorí pé ohun èlò ilé ìdáná ni. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé àmù máa ń làágùn. Èyí ni ó ń mú omi inú rẹ̀ tutù. Ẹ ra ìkòkò amọ̀ kékeré irú rẹ̀, èyí tí a kò fi ohun dídán kùn, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ dé ọrùn, ní ìwọ̀n ìka àtẹ́lẹwọ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ ata tàbí tòmátì. Ẹ rọ omi kún un, kí ẹ fi ìdérí bò ó. Bí ilẹ̀ bá ti ń gbẹ ni yóò máa fa omi lára ìkòkò; bí ilẹ̀ bá tutù, ìkòkò kò ní í tú u sílẹ̀. Oòrùn kò rí omi náà fà, epo pàápàá kò rí i mu. Àwọn ará Ṣáínà ti ń ṣe é láti ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún.

Ibi tí mo mọ̀ pé a ó ti jà ni ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀. A tọ́ wa dàgbà pé ìta tí a kò gbá kí oòrùn tó yọ, ìta ọ̀lẹ ni. Èmi náà kò lè sùn dáadáa bí ewé bá wà níwájú ilé. Ṣùgbọ́n ewé tí ó bọ́ sí ìdí igi kì í ṣe ìdọ̀tí. Aṣọ ilẹ̀ ni. Bí a bá gbá a, tí a sì sun ún, a bọ́ ilẹ̀ sí ìhòòhò lójú oòrùn. Mo ti wá bá ara mi ṣe àdéhùn: níwájú ilé àti ní ẹ̀bá ògiri, n ó gbá a mọ́ tónítóní, nítorí ejò, ní ìdí igi, ewé yóò wà níbẹ̀, pẹ̀lú èèpo ẹ̀pà àti háhá àgbàdo, ṣùgbọ́n kò ní í kan ara igi.

Àwọn kan ní kí á kúkú fi sìmẹ́ńtì bo gbogbo rẹ̀, kí á sinmi. N kò bá wọn lọ́wọ́ sí i. Sìmẹ́ńtì ń gbóná, ilé a sì gbóná tẹ̀lé e. Òjò tí ó bá rọ̀ sórí rẹ̀ yóò ṣàn lọ bá aládùúgbò, kànga ẹni kò sì ní í rí nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọlé tó fún sìmẹ́ńtì.

Bí ẹ bá ń fẹ́ ohun tí ojú yóò máa wò, ẹ gbin ọ̀já ìkookò àti ètí erin sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Inú ewé wọn ni wọ́n ń kó omi pamọ́ sí. Koríko ọba dára, a sì lè fi ṣe àgbo àti tíì. Ẹ ṣọ́ra fún bòtújẹ̀ níbi tí ọmọdé wà. Ó ń ṣe ọgbà dáadáa, ó sì ń fara da ọ̀dá, ṣùgbọ́n májèlé wà nínú èso rẹ̀, ó sì dùn lẹ́nu ọmọ bí ẹ̀pà.

Ní ilé wa, a hú ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún koríko náà. Igi mángòrò kan àti ewúro wà níbẹ̀ báyìí, pẹ̀lú ìkòkò mẹ́rin tí a rì mọ́lẹ̀ sáàárín ata. Lítà márùn-ún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni a sì ń rọ omi sí wọn: kẹ́ẹ̀gì méjì péré lọ́sẹ̀. Koríko díẹ̀ tí ó kù, níbi tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, a máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ní oṣù kìn-ín-ní, ẹnikẹ́ni kò sì í bomi rin ín. Bí òjò oṣù kẹrin bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, yóò tún hù fúnra rẹ̀.